Wọ́n Ní Ọ̀gá Ti Lọ Àbújá: Àkọsílẹ̀ Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ní Orílé, ní Èkó, tajà àwìn fún kọngílá kan tó ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ tipẹ́. Àwìn àkọ́kọ́, ó san án pé. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó san ìdajì. Nígbà tó yá, àwọn ṣẹ́ẹ̀kì tó ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti báńkì. Owó tó kù lọ́rùn rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náírà, nítorí náà kò ṣeé gbé lọ sí kóòtù ẹ̀sùn kékeré tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, torí ibẹ̀ kì í gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tó bá ju iye yẹn lọ. Ọ̀gá wa, tó jẹ́ lọ́yà ìyá náà, kọ lẹ́tà sí ọkùnrin náà, kò fèsì. La bá pẹjọ́ ní kóòtù gíga ní Ìkẹjà.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè rò pé wàhálà ti tán níbẹ̀ yẹn. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a pè lẹ́jọ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ fi lé, àfi tí adájọ́ bá fàṣẹ sí ọ̀nà mìíràn. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí bí adájọ́ ṣe fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún, nítorí abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí a gbọ́ tẹnu èèyàn kí a tó dá a lẹ́jọ́. Oṣù mẹ́fà péré sì ni ìwé náà ní láyé kó tó di pé a tún ń lọ bẹ kóòtù kó sọ ọ́ dọ̀tun. Àwọn ajigbèsè tó gbọ́n mọ gbogbo èyí. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n kàn máa ń pòórá ni.

Àwa mẹ́ta la jọ ń rìn lórí ọ̀rọ̀ yìí: èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà, agùnbánirọ̀ kan tó ń sìnrú ìlú lọ́dọ̀ wa, àti akódà kóòtù, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní béélìfù. Òun ni kóòtù gbé ìwé lé lọ́wọ́. Tèmi ni kí n bá a dé ibẹ̀, kí n sì fi ẹni náà hàn án. Bàbá là ń pe béélìfù yìí, nítorí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò sì sí irú ìsáǹsá tí kò tíì bá pàdé.

Ọ́fíìsì kọngílá náà wà ní Ògbà, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kìíní. Ọmọbìnrin kan ló jókòó síwájú. Bàbá kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a wá rí..." Kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ọmọ náà fi dá a lóhùn: "Ọ̀gá ti lọ Àbújá, sà. Wọ́n á tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé." Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jáde.

A ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí agùnbánirọ̀ wa fi sọ pé, "Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Ẹ ò rí i pé kò lè wò wá lójú?"

Bàbá ní, "Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló máa tẹjú mọ́ àgbàlagbà? Gbójú kúrò lórí ojú yẹn."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2006, Charles Bond àti Bella DePaulo, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí bí èèyàn ṣe ń fi ojú àti etí lásán dá irọ́ mọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú 100, nǹkan bí 54 la máa ń gbà. Ẹni tó bá sì ń fi owó ẹyọ ṣẹ́ kèké máa gba 50. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun tí àwọn òyìnbó kan ń pè ní àmì irọ́, ìyẹn ìwolẹ̀ àti ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀kọ́ ilé ló jẹ́ fún wa. Ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún ọ àti ọmọ tó ń tàn ọ́, ibì kan náà ni wọ́n máa ń wò.

Nǹkan mìíràn ni Bàbá ń wò. Àkọ́kọ́, ọmọ náà dáhùn ìbéèrè tí a kò tíì bi í, kò sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ wa: kò béèrè orúkọ, kò béèrè iṣẹ́ tí a fẹ́ rán sí ọ̀gá rẹ̀. Akọ̀wé tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò lóòótọ́ máa ń fẹ́ mọ ẹni tó wá, kí wọ́n má bàa bi í tí ọ̀gá bá dé. Lẹ́yìn náà, Bàbá yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Kò síná ládùúgbò lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ló ń ké. Ní òkè, lójú fèrèsé yàrá tó wà lẹ́yìn ibi tí ọmọbìnrin yẹn jókòó sí, omi ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù, ilẹ̀ tó ń kán sí sì ti rin gbingbin. Bàbá yọ ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ aago àti ohun tó rí síbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń jó epo jẹnẹrétọ̀ torí yàrá ẹni tó wà ní Àbújá?"

Síbẹ̀, kò padà lọ gbá ilẹ̀kùn. Èèyàn mìíràn lè wà nínú yàrá yẹn. A ò sì lè fi ìwé náà lé ọmọbìnrin yẹn lọ́wọ́. Ká ní ilé iṣẹ́ la pè lẹ́jọ́ ni, a lè fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ kó sì já sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gan-an la pè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yí ni ìgbà tí àbúrò ìyá tó pẹjọ́ náà gbé ọgbọ́n tirẹ̀ dé. Kò sọ fún wa. Ó fi nọ́ńbà àjèjì pe ọkùnrin náà, ó ní òun ní irin tí òun fẹ́ tà ní gbàǹjo, kí àwọn pàdé. Ọkùnrin náà bi í pé irin mílímítà mélòó ni. Ó ń kálòlò. Wọ́n gé fóònù mọ́ ọn létí. Nígbà tí a fi máa padà dé Ògbà, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti yọ bọ́ọ̀dù orúkọ kúrò lára ògiri.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí ro ibi yìí dáadáa. Títí di ọjọ́ ìpè yẹn, ìwé lásán ni ọkùnrin náà ń sá fún. Ó ń wá síbi iṣẹ́, yàrá ẹ̀yìn ló kàn ń jókòó sí. Lẹ́yìn ìpè náà, ó gbà pé wọ́n ń dọdẹ òun, ẹni tó bá sì ti gbà bẹ́ẹ̀ á pààrọ̀ ohun gbogbo. Ọ̀tọ̀ tún ni pé béélìfù máa búra lórí bí ìwé ṣe dé ọwọ́ ẹni tó fún. Bí ẹ̀tàn bá wà nídìí rẹ̀, lọ́yà ẹnì kejì á fi í ṣe ọbẹ̀ jẹ.

Agùnbánirọ̀ wa dá a lábàá pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, kí a lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, kí a sì lọ jókòó. Òfin gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: bí a bá ti wá èèyàn tì, adájọ́ lè ní kí a lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí kí a gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, tàbí kí a fún àgbàlagbà tó ń gbé ilé rẹ̀. Ọ̀gá wa kò fẹ́. Ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ọ̀nà tí a mú wá yóò jẹ́ kí ẹni náà gbọ́. Ilẹ̀kùn tí a mọ̀ pé ó ti kọ̀ sílẹ̀ kò lè sọ ohunkóhun fún un. A lè gba ìdájọ́ lórí rẹ̀ lónìí, kó wá bi í wó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ilé rẹ̀ la wá lọ, ní Òjòdú. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ inú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Irú èèyàn wo ni? Ṣé dúdú ni? Ṣé ó ní mọ́tò?" Ó ń gbìyànjú láti bá wa wá a ni. Ẹ fi wé ti ọmọbìnrin Ògbà. Ẹni tí kò mọ nǹkan máa ń béèrè. Ẹni tó ń bo nǹkan, ó máa ń sáré ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣẹ́ àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìyá alákàrà kan wà nítòsí. Bàbá ra àkàrà, ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ inú ìwé rárá. Ó ní ọkùnrin kọngílá kan tó máa ń gbé jíìpù dúdú, tó ga díẹ̀. Ìyá náà ní, "Háà, Bàbá Ìbejì! Wọ́n ti kó lọ láti lẹ́yìn Iléyá. Ṣé kò sí o?" Bàbá ní kò sí, iṣẹ́ kan ni òun fẹ́ jẹ́ fún un. Ibẹ̀ ló fi mọ. Kò dárúkọ gbèsè, kò dárúkọ kóòtù. Ìyá náà ò mọ ibi tí wọ́n kó lọ, àmọ́ ó ní àwọn ìbejì ṣì ń wá sí ilé ìwé ládùúgbò náà.

Ojú agùnbánirọ̀ wa tàn. Ó ní kí a tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà délé lọ́sàn-án. Bàbá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá rí àjèjì mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé ọmọ òun láti ilé ìwé, ọlọ́pàá kọ́ ni òun máa kọ́kọ́ pè, àwọn ọmọ àdúgbò ni. Mo mọ àwọn tó ń gba ọ̀nà ọmọ nínú iṣẹ́ yìí. Mi ò rò pé ó yẹ kí a máa pè wọ́n lẹ́gbẹ́ wa.

Ìdáhùn wà ní Orílé láti ọjọ́ yìí. Mo jókòó ti ìyá olùpẹ̀jọ́, a jọ ń ṣí ìwé ọjà rẹ̀, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwìn tó kẹ́yìn, ó kọ orúkọ dẹ́rẹ́bà tó kó irin náà. Dẹ́rẹ́bà ọ̀hún kò gbàgbé, torí wọ́n jẹ́ kó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú kí wọ́n tó já ẹrù. Ó ní lẹ́yìn Berger ni, lójú ọ̀nà Alágbọ̀lé, ilé alájà kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, tí tíránsífọ́mà wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, ó ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Mo ní fọ́tò rẹ̀ tí ìyá náà fún mi, èyí tí wọ́n jọ yà níbi ìnáwó kan. Òun gan-an ni. Ọwọ́ Bàbá ti wà nínú báàgì. Ló bá tún yọ ọ́, ó yà sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ra omi inú ọ̀rá, ó sì bi obìnrin tó tà á pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ifọ̀ ni, Bàbá."

Bàbá fa síìpù báàgì rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èkó ni Berger wà. Ẹ rìn síwájú díẹ̀ sí Alágbọ̀lé tàbí Akúté, ẹ ti wọ ìpínlẹ̀ Ògùn láìrí géètì kankan. Èkó ni kóòtù tó gbé ìwé wa jáde wà, àdírẹ́sì Èkó ló sì wà lára rẹ̀. Òfin Sheriffs and Civil Process, ní abala 97, ní ìwé tí a bá fẹ́ fún èèyàn ní ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ní àkọlé lára pé ìpínlẹ̀ báyìí ni a ti fẹ́ fún un. Abala 99 sì ní ọjọ́ tí a fún un láti fèsì kò gbọ́dọ̀ dín sí 30. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Skenconsult àti Ukey, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé gbogbo ohun tí kóòtù ìsàlẹ̀ ti ṣe nítorí irú nǹkan báyìí. Àwọn lọ́yà ṣì ń fà á bóyá àbùkù náà ń pa ẹjọ́ run tàbí ó kàn ń sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ dán an wò?

Ó dun agùnbánirọ̀ wa wọra. Ẹni tí a ń wá kiri ló dúró níwájú wa yẹn, a sì fẹ́ yí ẹ̀yìn padà. Bàbá ò yí ẹ̀yìn padà kíákíá. Ó jókòó, ó ń mu omi rẹ̀, ó ń bá bírìkìlà àgbàlagbà kan tó wá ra gúgúrú sọ̀rọ̀. Ó kí i kú iṣẹ́, ó ní ṣé wọ́n kúkú ń rí owó gbà déédéé níbí. Ọkùnrin náà ní, "Gbogbo Sátidé ni. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló ń kó o wá, kò fọkàn tán fóòmàn."

Nǹkan tí a nílò nìyẹn. Ẹni tó ń sá lè kó kúrò nílé, ó lè ti ọ́fíìsì pa, ó lè pààrọ̀ síìmù. Ṣùgbọ́n kọngílá tí kò bá sanwó ní Sátidé kò ní rí bírìkìlà kankan ní Mọ́ńdè. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ á le sínú àpò, ẹni tó ni ilé á sì máa pariwo. Ìrìn yìí nìkan ni kò lè yẹ̀. Sátidé sì bófin mu fún wa: láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a lè fún èèyàn ní ìwé, ọjọ́ Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba nìkan ni kò ṣeé ṣe láìgba àṣẹ.

Ọ̀gá wa lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n sì kọ àkọlé ìpínlẹ̀ Ògùn sára ìwé. Nígbà tí ó pé, a padà síbẹ̀ ní Sátidé.

Jíìpù dé lọ́sàn-án. Agùnbánirọ̀ wa ti dìde. Bàbá fà á jókòó, ó ní, "Ẹni tí kò tíì gbowó rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì." Èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ yìí. Gbogbo bí a ṣe ń ka ìwà ọkùnrin yìí láti Ògbà, òun nìkan la ń kà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó yí i ká ni Bàbá ń kà. Ká ní a yọ sí i nígbà tí owó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, gbogbo àwọn lébìrà á rí wa bí ẹni tó fẹ́ lé owó wọn lọ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ sí ọ̀gá. Wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ń lọ. A dúró títí ó fi ku òun, fóòmàn àti àwọn méjì tó ń ka owó wọn.

Bàbá rìn wọlé, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnjiníà, ẹ kú ìnáwó."

"A dúpẹ́, Bàbá." Kò tíì gbójú sókè tó fi dáhùn.

Bàbá wá pe orúkọ inú ìwé ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, ó ní ṣé òun ni.

Ọkùnrin náà dúró díẹ̀. "Ta ló ń wá a?" Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹni tí kì í bá ṣe òun, ohun tó máa sọ ni pé "Rárá o, èmi kọ́." Bàbá sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ibi tí òun ti wá. Ló bá ní, "Ẹni yẹn ti lọ Àbújá." Fóòmàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra.

Kò gba ìwé. Ó ní kí Bàbá gbé e kúrò níwájú òun. Fóòmàn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti gbé ṣọ́bìrì, ó ní òun máa là á mọ́ ẹni tí kò bá lọ. Bàbá kò gbé ohùn sókè. Ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ó gbé àpòòwé náà sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, ó sì fi àbọ̀ búlọ́ọ̀kù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwé ìpẹ̀jọ́ ni, láti kóòtù gíga Ìkẹjà. Mo ti fi jíṣẹ́ fún yín." Bí èèyàn bá fi ìhàlẹ̀ tàbí ipá dí béélìfù lọ́wọ́, òfin gbà kó gbé ìwé náà sí ibi tí ọwọ́ ẹni náà ti lè tó o.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì nígbà tó pariwo: "Bàbá! Ìgbà wo ni ẹjọ́?"

Bàbá ní kó ka inú rẹ̀, kó sì tètè mú un lọ bá lọ́yà, torí iye ọjọ́ tó ní láti fèsì wà níbẹ̀. Ó wo aago, ó sì kọ ìbéèrè ọkùnrin náà sílẹ̀ bó ṣe bi í gan-an.

Lọ́yà rẹ̀ wá síwájú adájọ́, ó ní wọn kò fún oníbàárà òun ní ìwé kankan rí. Ìwé ìbúra béélìfù ló máa ń dúró bí ẹ̀rí títí ẹnì kejì á fi já a. Nínú ìwé ìbúra ti ọkùnrin náà, ìpínrọ̀ kan sọ pé òun kò sí ní Alágbọ̀lé ní Sátidé yẹn. Ìpínrọ̀ mìíràn, ní ìsàlẹ̀, ń ṣàròyé pé béélìfù dójú ti òun níwájú àwọn òṣìṣẹ́ òun. Adájọ́ ka méjèèjì sókè. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n jókòó, wọ́n ṣàdéhùn bí owó á ṣe máa wá díẹ̀díẹ̀, kóòtù sì sọ àdéhùn náà di ìdájọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe sọ ọjọ́ àti ibi tí kò lè má dé fún yín. Oníṣòwò ní ọjọ́ ọjà, kọngílá ní ọjọ́ tó ń sanwó òṣìṣẹ́, onílé ní ọjọ́ tó ń gba owó ilé. Ẹ béèrè orúkọ tí àdúgbò ń pè é, nítorí orúkọ inú ìwé lè má jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n sí. Ẹ mọ ìpínlẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín dúró lé kí ẹ tó na ọwọ́. Kí ẹ tó wọlé, ẹ wò ó, ta ló máa pàdánù nǹkan bí ẹni yìí bá sá lọ?

Omi tó ń kán ní Ògbà kò sí nínú ìwé tí Bàbá búra lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdáhùn ọmọbìnrin yẹn, ẹ̀rín fóòmàn àti ọwọ́ tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ìyẹn ló mú wa dé Alágbọ̀lé, kò sì sí èyí tí adájọ́ nílò. Ọjọ́, aago, ibi, ìwé tó jẹ́, ẹni tó fún, bí ó ṣe kọ̀ ọ́, ibi tí ó gbé e sí àti ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: ìwọ̀nyí ló wà níbẹ̀. Èmi náà kọ tèmi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, bóyá wọ́n á pè mí.